Mo fẹ́ gbé owó ọjà lọ sí Kútọnu àti Lomé fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aláṣọ Ṣàgámù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ kan. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ta àǹkárá ní Ṣàgámù níbí, ọwọ́ àwọn tó ń kó o wọlé láti Kútọnu ni mo ti ń rà á, ṣùgbọ́n èrè tó ń kù sí mi lọ́wọ́ ò tó nǹkan mọ́, ni mo bá ní kí n kúkú fẹsẹ̀ ara mi débẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mile 2 ni mo ti máa wọkọ̀, mo máa gba bọ́dà Sèmè kọjá, màá sùn ní Kútọnu fún ọjọ́ méjì kí n tó máa lọ sí Lomé. Mi ò lọ rí o.

Owó ọwọ́ mi kì í ṣe tèmi nìkan. Àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wà nínú ẹ̀, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yá mi náà wà nínú ẹ̀, tó bá sọnù mi ò mọ ojú tí mo máa fi wò wọ́n. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, èmi àti ìyá mi jọ lọ rajà l'Ékòó, ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì la jókòó sí, ìyá mi gbé báàgì sáàárín ẹsẹ̀, oorun wá gbé e lọ díẹ̀. Ìgbà tá a bọ́ sílẹ̀ tó fẹ́ fún alábàárù lówó, ó ki ọwọ́ bọ báàgì, àfi bí ìka ẹ̀ ṣe yọ sí òdìkejì. Wọ́n ti fi bíléèdì là á nísàlẹ̀. Ó kàn dúró síbẹ̀ tó ń wo ìka ara ẹ̀. Mi ò gbàgbé ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé kí n gbé náírà lọ ni àbí kí n ti ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná lọ́hùn-ún, nílé? Ibo ni kí n fi owó sí lára? Fóònù mi ńkọ́, torí gbogbo owó tó kù sí báǹkì, orí ẹ̀ ló wà.

Ìyá Ọlọ́jà Ìbàdàn

Ọmọ mi, o káre tó o béèrè kó o tó gbéra. Mo ti ń ná ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó bí ẹlòmíì tó ń kọ̀wé níbí, ohun tí mo sì rí ni pé olè kì í mọ ibi tówó wà àfi tó o bá fi hàn án. Ìwọ fúnra ẹ lo máa fi hàn án. O fẹ́ ra omi, o yọ ìdì owó síta láti mú igba náírà níbẹ̀, ó parí. Ẹni tó bá rí i ò ní jà ẹ́ lólè lójú ẹsẹ̀ o, ó máa tẹ̀ lé ẹ dé ibi tó bá a lára mu ni.

Nítorí náà owó ńlá ò gbọ́dọ̀ jáde níta rárá. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ní pọ́ọ̀sì kékeré kan, ibẹ̀ ni owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, owó alábàárù wà, òun nìkan ni mo ń ṣí lójú èèyàn. Tówó inú ẹ̀ bá tán, mo máa ń wá ilé ìtura tàbí ṣọ́ọ̀bù oníbàárà mi, màá wọ ibi tí wọ́n ń wẹ̀, màá ti ìlẹ̀kùn, màá wá yọ òmíì. Tí kò bá síbi tí mo lè wọ̀, màá fara dà á.

Èyí tó pọ̀ jù, inú tòbí ló ń gbé. Ṣẹ́ ẹ̀yin ọmọ ayé ìsìnyí mọ tòbí? Abẹ́ ìró làwọn ìyá wa máa ń ró o sí, ó ní àpò níwájú, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi owó ọjà sí. Ẹ gbàgbé ẹ̀, ẹ lọ ń ra báàgì ìbàdí tí wọ́n fi ń ta ọjà, èyí tí gbogbo gáréèjì mọ̀ pé owó ló wà nínú ẹ̀. Ní kí télọ̀ rán tòbí fún ẹ pẹ̀lú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó lágbára, kó rán àpò mẹ́rin sí i, méjì níwájú, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fi síìpù sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má fi gbogbo owó sí àpò kan, tó bá pọ̀ sójú kan ó máa wú, ìrìn ẹ máa yí padà, ojú gbogbo èèyàn á sì wà níbẹ̀. Kó o tó fi owó sí i, kọ́kọ́ fi nylon wé e. Ooru inú ọkọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré, mo ti yọ owó tó ti rin gbingbin jáde rí tí ìyá aláṣọ ní òun ò gbà á.

Láràárọ̀ kó o tó jáde, jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ṣírò ohun tó o fẹ́ rà lọ́jọ́ náà, yọ iye yẹn sọ́tọ̀. Tó o bá ń na owó láìní ìṣirò, o ò ní mọ̀gbà tí wọ́n jí nínú ẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ káàbọ̀ sí Benin ìlú wa sílẹ̀ o. Ẹ jẹ́ n dáhùn ti owó torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn àlejò wa jẹ jù.

Náírà tó tóbi jù ni ẹgbẹ̀rún kan. Tẹ́ ẹ bá gbé mílíọ̀nù kan náírà, ìwé owó ẹgbẹ̀rún kan (1,000) nìyẹn, ìdì mẹ́wàá, kò sí tòbí tó máa gbà á kó má hàn. Sẹ́fà ní 10,000, tí mílíọ̀nù kan ẹ̀ kì í ju ìwé ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdí ẹ̀ nìyẹn táwọn ìyá ọlọ́jà fi máa ń ṣẹ́ ẹ kí wọ́n tó wọ ọjà. Sẹ́fà so mọ́ owó yúrò, 655.957 ni yúrò kan, èyí ò yí padà, náírà yín ló máa ń sáré sókè sáré sísàlẹ̀, torí náà ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, ẹni tí iye tiẹ̀ bá dára jù tó sì ga ju tàwọn yòókù lọ dáadáa ni kẹ́ ẹ sá fún. Ẹ̀tàn wà níbẹ̀.

Ẹ̀tàn ọ̀hún báyìí ló ṣe ń lọ. Ó máa ka owó lójú yín, ó pé. Á wá ní áà, ẹ dúró, mo fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún lé e, ẹ jẹ́ n tún un kà. Ó gbà á padà. Ìgbà tó máa tún un gbé fún yín, ìwé owó tó wà láàárín ti dín, tàbí kó jẹ́ pé ó ṣẹ́ àwọn kan po kí ọ̀kan lè jọ méjì tẹ́ ẹ bá ń ka etí ẹ̀. Tówó bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ má gbé e padà fún un mọ́ láéláé. Tó bá ní òun fi nǹkan lé e, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ka a fún un. Ẹ máa kà á ní títẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì, kì í ṣe etí ìdì lẹ máa kà.

Ẹ tún wò ó dáadáa: sẹ́fà tiwa àti ti Tógò ọ̀kan náà ni, ti Kamẹrúùnù ló yàtọ̀, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ yín lọ́jà Kútọnu. Lára owó tiwa ẹ máa rí àwòrán ẹja kan tí ẹnu ẹ̀ dà bí ayùn. Lẹ́tà kan sì máa ń wà pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀, B ni ti Benin, T ni ti Tógò, A ni ti Côte d'Ivoire, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń ná níbi gbogbo, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé T ò ṣe é ná ní Kútọnu kó sì fẹ́ bá yín ṣẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí ni eléyìí. Yorùbá pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ máa gbọ́ ọ káàkiri. Ọ̀pọ̀ wọn èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sáré bá yín ní gáréèjì tó ń pè yín ní "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi" tó fẹ́ bá yín gbé báàgì, tó fẹ́ mú yín lọ sọ́dọ̀ onísẹ́ńjì òun, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ọkàn yín máa fà mọ́ ọn torí èdè yín ló ń sọ ní ìlú àjèjì, wọ́n dẹ̀ mọ̀.

Aláṣọ Ṣàgámù

Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà. Ṣùgbọ́n ṣé mi ò lè ṣe tráńsífà kúkú? Ẹnì kan ní kí n má gbé owó kankan dání.

Ìyá Ọlọ́jà Ìbàdàn

O lè ṣe é, èmi náà ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ àwọn onísẹ́ńjì àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù ńlá ló ní àkáǹtì náírà. Àmọ́ má ṣe é pẹ̀lú ẹni tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lónìí. Jẹ́ kí ẹni tó ti ń bá a ná owó tipẹ́ mú ẹ débẹ̀, kó o rí sẹ́fà kalẹ̀, kó o kà á, kó o tó tẹ bọ́tìnì. Kò sí pé "ẹ kọ́kọ́ tráńsífà, ọmọ mi ń gbé e bọ̀". Má sì san owó ẹrù sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ẹrù nílẹ̀. Nígbà tí iná jó ilé ọjà ńlá Lomé lóṣù kìíní ọdún 2013, ẹrù àwọn èèyàn wa wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì gbé, mo sunkún pẹ̀lú wọn. Láti ìgbà náà, ohun tí mo bá san ni mò ń gbé.

Dírẹ́bà Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọkọ̀ torí iṣẹ́ mi nìyẹn, ó ti lé ní ọdún mẹ́tàdínlógún.

Ẹ má wọ ọkọ̀ létí títì. Mo mọ̀ pé inú gáréèjì máa ń pẹ́ kí ọkọ̀ tó kún, mo mọ̀ pé ti ìta máa ń dín owó, ẹ má wọ̀ ọ́. One chance, ìyẹn ọkọ̀ àwọn olè tó ń díbọ́n pé àwọn ń gbé èrò, ò kọ orúkọ sára. Ohun tẹ́ ẹ lè fi mọ̀ ọ́n ni pé ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ó máa ṣẹ́ku ààyè kan ṣoṣo, àárín lààyè yẹn máa ń wà kí wọ́n lè há yín mọ́, owó ọkọ̀ á kéré, àwọn tó wà nínú ẹ̀ á ti mọ ara wọn tí wọn ò ní fẹ́ fi hàn. Ní gáréèjì tó létò wọ́n máa kọ orúkọ yín àti nọ́ńbà ará ilé yín sínú ìwé, ẹ kọ nọ́ńbà gidi, àwọn èrò kan máa ń kọ ohun tó wù wọ́n, tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ a ò rí ẹni pè. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sílé.

Ní ti báàgì, ẹ gbé e sórí itan, ẹ fi ọwọ́ gbá a mọ́ra. Ohun tó ṣe ìyá yín nínú ìtàn yẹn, mo ti rí i lójú ara mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹni tó jókòó sẹ́yìn ló máa ń na ẹsẹ̀ fa báàgì díẹ̀díẹ̀. Ẹrù tó wà nínú búùtù, ẹ so nǹkan tó pupa mọ́ ọn kẹ́ ẹ lè dá a mọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo ìgbà tí èrò bá sì ń sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n ń gbé jáde. Ìtìjú ò sí níbẹ̀. Èmi dírẹ́bà ò lè mọ ẹrù gbogbo yín.

Nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ láti Mile 2 lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ẹ má tẹ fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn ọmọ yẹn ń ja á gbà bí àṣá. Ẹ jókòó sáàárín tàbí kẹ́ ẹ gbé gíláàsì sókè. Ìwé ìrìnnà yín, káàdì ìbà pọ́njú, ìwé ìdánimọ̀, ẹ kó wọn síbi kan tó ṣe é fà yọ láìṣí ibi tówó wà, torí ibi àyẹ̀wò pọ̀ láti Àgbádárìgì dé bọ́dà, tẹ́ ẹ bá ń tú báàgì níbi kọ̀ọ̀kan, gbogbo ọkọ̀ ti mọ ohun tẹ́ ẹ gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbéra láàárọ̀. Ẹ má dé ìlú tẹ́ ẹ ò mọ̀ lálẹ́.

Atúnfóònùṣe

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ owó inú àpò, èyí tó wà nínú fóònù ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n jí fóònù mi lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo rò pé fóònù lásán ni, mo ní ilẹ̀ á mọ́ kí n tó lọ báǹkì. Olè ò tiẹ̀ ṣí fóònù yẹn. Ó yọ síìmù mi, ó fi sínú fóònù kékeré, ó fi kóòdù orí fóònù tráńsífà owó, ó fi yá owó sí i lórúkọ mi. Gbogbo ẹ̀ láàárín òru kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wà lẹ́nu ọ̀nà báǹkì tí wọ́n ń ní kí n lọ kí n bọ̀.

Nítorí náà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi PIN sí síìmù yín. Kì í ṣe ti ojú fóònù o, ti síìmù fúnra ẹ̀. Ó wà nínú settings, níbi security, SIM lock. Tẹ́nikẹ́ni bá yọ síìmù yẹn sí fóònù míì, á béèrè PIN, tó bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta PUK, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí síìmù tó ti tì, ló máa béèrè, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè PIN tó wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, ẹ má máa fọwọ́ gbìyànjú ẹ̀ torí ẹ̀yin náà lè tì í pa.

Ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó jẹ́ ìdánimọ̀ fóònù yín á jáde, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kẹ́ ẹ fi sílé. Báǹkì kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tẹ́ ẹ lè fi ti àkáǹtì yín pa láti orí fóònù ẹlòmíì, ẹ lọ béèrè tiyín, ẹ kọ ọ́ sórí páálí kékeré, ẹ fi ọ̀kan fún ará ilé, kí ọ̀kan wà nínú tòbí. Orí fóònù tí wọ́n jí lẹ fẹ́ kọ ọ́ sí ni? Ẹ dá àwọn fọ́tò káàdì ATM àti PIN tó wà nínú gálárì nù lónìí, mo ń tún fóònù ṣe lójoojúmọ́, ẹ ò lè gbàgbọ́ iye èèyàn tó ní fọ́tò PIN níbẹ̀.

Fún ti Kútọnu, ẹ rántí pé tẹ́ ẹ bá ti kọjá Sèmè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ń lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ ò bá ṣí roaming, ètò tó ń jẹ́ kí síìmù wa ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí báǹkì fi ń rán nọ́ńbà ìdánilójú ò ní dé, tráńsífà ò ní ṣe é ṣe. Ẹ dán an wò nílé. Tó bá ṣe é ṣe, ẹ ní àkáǹtì kékeré kan tí owó ìrìnàjò nìkan wà nínú ẹ̀, òun nìkan ni kí áàpù ẹ̀ wà lórí fóònù tẹ́ ẹ gbé lọ. Àkáǹtì ńlá, ẹ fi sórí fóònù tó wà nílé.

Ọmọ Yunifásítì

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ mà, sà, ṣé a ṣì nílò owó nínú aṣọ láyé ìsìnyí? Gbogbo nǹkan ló ti wà lórí áàpù.

Atúnfóònùṣe

Àbúrò, ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023 nígbà tí owó tuntun wọ́n, tí gbogbo wa sáré lọ sórí tráńsífà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì báǹkì wá dákú. Èèyàn ní owó lórí áàpù, ebi ń pa á. Ìyẹn ilé wa nìyẹn o. Ní bọ́dà tí fóònù ò ti mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Ẹ mú méjèèjì dání.

Alhaji Ìlú Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọ̀rọ̀ tòbí yìí wù mí, ṣùgbọ́n àwa ọkùnrin ńkọ́? Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí Mẹ́kà kọ́ mi. Aṣọ ihram tí ọkùnrin ń wọ̀, aṣọ funfun méjì tí wọn ò rán ni, kò ní àpò kankan, ẹ̀yin ẹ wò ó, owó BTA tí wọ́n ń fún arìnrìn-àjò ná, ìwé ìrìnnà, fóònù, níbo lẹ fẹ́ fi sí? Bẹ́líìtì tó ní àpò ni wọ́n gbà wá láyè láti dè. Ọ̀pọ̀ wa ló dè é síta lókè aṣọ. Nígbà tá à ń yí Kaaba po lẹ́ẹ̀meje, èrò pọ̀ débi pé wọ́n ń gbé èèyàn lọ ni, ẹni tó wà níwájú mi bojú wo ìbàdí ara ẹ̀, síìpù ti ṣí, dọ́là ẹ̀ ti lọ, kò dẹ̀ mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ó ń sunkún, ó ṣì ń yí i po lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, abẹ́ aṣọ ni mò ń de tèmi sí, mo sì ń yí síìpù ẹ̀ sí ikùn. Ohun tí mo nílò lọ́jọ́ náà nìkan ni mò ń gbé jáde. Èyí tó kù, àwa mẹ́rin tá a wà ní yàrá kan náà, a pín ara wa, ẹnì kan ń dúró ti ẹrù nígbà táwọn yòókù bá lọ jẹun. Nílé, tí mo bá ń rìn lọ Èkó, télọ̀ rán àpò kékeré sínú ṣòkòtò mi lábẹ́ ìgbànú, owó ńlá ò rí òòrùn. Àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò yẹn, àwọn àfọwọ́rá ni wọ́n rán an fún.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ kú dédé ìwòyí. Mo mọ̀ pé ọ̀nà ilẹ̀ lẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n fún àwọn tó ń fò lọ fò bọ̀ bíi tèmi: ẹ má fi góòlù, owó, kọ̀ǹpútà alágbèéká sínú ẹrù tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Èmi fi góòlù ìgbéyàwó mi sínú ẹ̀ lọ́dún kan, àárín aṣọ òkè ni mo ká a sí, ìgbà tí mo délé aṣọ òkè wà níbẹ̀ tó ká dáadáa, góòlù ò sí. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní ó wà nínú àdéhùn pé àwọn ò dáhùn fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ka àdéhùn náà nígbà tó yá, òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Góòlù ìyá mi ni.

Tówó yín bá ti lé ní 10,000 dọ́là nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ Nàìjíríà tàbí tẹ́ ẹ ń jáde, ẹ sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbí, láti 10,000 pọ́n-ùn sókè ni. Kì í ṣe pé wọ́n máa gbà á tẹ́ ẹ bá sọ, tẹ́ ẹ bá fi pamọ́ ni wọ́n lè gbà á. Ní London yìí náà, ẹ má dúró létí títì kẹ́ ẹ máa fi fóònù wá ọ̀nà, àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ oníná ń já a gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ wọnú ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ̀yìn sí ògiri, kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Mo gbàgbé ti ọ̀kadà. Zémidjan là ń pè é lọ́dọ̀ wa, ní Kútọnu aṣọ aláwọ̀ ìyeyè tí nọ́ńbà wà lára ẹ̀ làwọn tó ń wà á ń wọ̀. Tẹ́ ẹ bá gùn ún, báàgì máa wà láàárín yín àti ẹni tó ń wà á, kì í ṣe lẹ́yìn, kì í ṣe léjìká. Ẹ ná owó kẹ́ ẹ tó gùn ún, kẹ́ ẹ ti mú ṣílè dání, torí tó bá ní òun ò ní ṣéńjì, ẹ máa fẹ́ tú àpò lójú títì.

Aláṣọ Ṣàgámù

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o! Ọjọ́ kẹta rèé. Owó ẹ̀gbọ́n mi pé, àjọ pé, aṣọ wà nílẹ̀.

Mo gbé tòbí yẹn lọ, télọ̀ kọ́kọ́ ń béèrè pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà lọ́dọ̀ ẹni tí Ìyá júwe fún mi. Bí Ọmọ Àjàṣẹ́ ṣe sọ gẹ́lẹ́, ní bọ́dà Hilla-Condji tá a fẹ́ wọ Tógò, onísẹ́ńjì míì tí mo fẹ́ ṣẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ ka owó fún mi tán, ó ní kí n dá a padà kóun tún un kà. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo ní rárá sà, èmi ni màá kà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ẹ sórí báàgì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tí mo kà á dé ìdajì, ó ní kí n máa mú un lọ, ó ti pé. Ó sì pé.

Ohun kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ní Lomé, nígbà tí mo ra ojúlówó àǹkárá wáàsì, ayọ̀ bá mi, ni mo bá fẹ́ yọ owó míì níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ọwọ́ mi ti wà lábẹ́ ìró. Ìyá tó ń tajà fúnra ẹ̀ ló fi ojú sọ fún mi pé rárá, ó ṣí aṣọ tó fi bo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fún mi, mo wọbẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi ò gbọ́ èdè ẹ̀. Ọlọ́run á bù kún un.

Nọ́ńbà mi tí báǹkì mọ̀ ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ọjọ́ kan àtààbọ̀ torí nọ́ńbà mi kejì ni roaming ṣí lórí ẹ̀. Owó ọwọ́ ni mo ná. Atúnfóònùṣe, ẹ ṣé gan-an.

Tí mo délé, mo fi tòbí han ìyá mi. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ń ṣí síìpù ẹ̀, ó ń tì í. Ó ní kí n bá òun rán ọ̀kan.

Ìyá Ọlọ́jà Ìbàdàn

Ọlọ́run ṣeun! Kí á kí ẹ kú àbọ̀.

Olóúnjẹ Ìjẹ̀bú

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa sọ bí tòbí yẹn ṣe gùn tó. Mo ń lọ sí Kánò lọ ra tòmátì àti àlùbọ́sà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Aláṣọ Ṣàgámù

Ó dé mi lókè orúnkún díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ yọ lábẹ́ ìró. Aṣọ poplin ni mo lò, yáàdì kan ààbọ̀ tó mi. Àpò iwájú méjèèjì fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́fà, ó jìn ní íǹṣì márùn-ún, àwọn tẹ̀gbẹ́ kéré sí i. Ẹ ní kí télọ̀ rán etí àpò lẹ́ẹ̀mejì, kó sì lo síìpù onírọ́bà, ti onírin máa ń ya èèyàn nínú tẹ́ ẹ bá jókòó pẹ́. Okùn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ fún un pé kó gùn dáadáa, kó lè yí yín po lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó ta á ní kókó sí iwájú, torí tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni kókó wà, ẹlòmíì lè tú u.